Muideen, N Kò Lọ́kọ Tuntun

Ilé Àmúsà, lẹ́yìn ọjà,
Ìkirè.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Muideen, Àjàdí ọkọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Báwo ni Ìkòròdú? Báwo ni iṣẹ́, báwo ni Títílọlá ìyàwó rẹ, ṣé ara rẹ̀ le? Amatullah ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa? Ọlọ́run tó dá ọ sílé ayé kò ní jẹ́ kí ọ̀nà tí ò ń rìn dí mọ́ ọ, oúnjẹ kò ní korò lẹ́nu rẹ, o kò ní sunkún ọmọ, ọmọ kò sì ní sunkún rẹ ní rèwerèwe. Àmín. Bí o kò bá ṣe àmín nítorí pé ò ń bínú, padà sókè kí o ṣe é, a kì í bá àdúrà ìyá bínú.

Kí n tó sọ ohun mìíràn, mo gbọ́ pé inú ń bí ọ nítorí pé mo lọ́kọ. Muideen, n kò lọ́kọ. N kò lọ́kọ ní kọ̀rọ̀, n kò lọ́kọ ní gbangba, kò sí ẹni tó so yìgì mi níbì kankan lẹ́yìn ikú Àmúsà bàbá rẹ. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe mí. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ṣe wá di ọ̀rọ̀ ọkọ, jókòó kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní ẹlòmíràn tí mo lè rò ó fún.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé fóònù rẹ kò gbà mí mọ́. Tí mo bá pè é, á dún, á dún, á sì dákẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀nà ló jìn fún un, pé kí ó tó ti ẹ̀yìn ọjà níbí dé Ìkòròdú, á ti rẹ̀ ẹ́. Ni mo bá gbé e lọ sí etí títì márosẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà Èkó, mo tún pè. Ó dún dáadáa níbẹ̀, ó dún ju tilé lọ, síbẹ̀ o kò gbé e. Fáìzàh ìyàwó Àbídì ọ̀rẹ́ rẹ, tó ń fi ẹ̀rọ POS san owó fún àwọn èèyàn lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, ló sọ fún mi pé kì í ṣe ọ̀nà ló jìn. Ó ní ẹni tí mò ń pè ló ń wò mí níran, àti pé èmi náà kúkú mọ ìdí rẹ̀. N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà, mo kàn bínú sí i ni, mo gbé fóònù mi, mo lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí àárẹ̀ lásán. Mo máa wà nídìí agbada dòdò lẹ́bàá títì, epo á máa hó, èrò ọkọ̀ á máa nawọ́ láti ojú fèrèsé, oorun á sì gbé mi lọ lórí ìjókòó bí ọmọ ọwọ́. Tí mo bá run orín láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀lé e. Ara mi ń joro, ṣùgbọ́n ikùn mi ní ìhà òsì ń wú, ó le, búbà kò gbà á mọ́. Àwọn obìnrin tí a jọ ń din dòdò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Ẹfúnkẹ́, ta ló ni í? Èmi náà dá wọn lóhùn pé ẹni tó ni í ń bọ̀ wá sọ ọ́ lórúkọ. A jọ rẹ́rìn-ín ni o. N kò mọ̀ pé wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ náà pamọ́.

Ilé ìwòsàn ìlú wa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n ní kí n máa lọ sí ọsibítù ńlá ní Ifẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bá Dókítà Táyọ̀ pàdé, kò tíì tó ọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó mọ àgbà í kí. Ó ní nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn pupa wà, àwọn funfun wà, àwọn funfun ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ara. Ó ní tèmi ti pọ̀ kọjá ààlà. Mo ní ṣé kí ọlọ́dẹ pọ̀ kò wá dára ni? Ó ní àwọn wọ̀nyí kì í ṣọ́ nǹkan kan, wọ́n kàn ń bí sí i, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń dí àwọn yòókù lọ́nà. Mo ní ó ti yé mi, irú wọn ni mo máa ń rí tí wọ́n fi igi dábùú títì. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní orúkọ àìsàn náà ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀.

Muideen, èmi rò pé ọmú nìkan ni jẹjẹrẹ ń gbé. Mo di ọmú mi mú lójú ọmọ ọlọ́mọ, mo ní kò sí níbí o, ẹ wò ó dáadáa. Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ni, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ni òun náà dé. Mo bi í pé ta ló ṣe é sí mi. Ó ní kò sí ẹni tó ṣe é, kì í ṣe ohun tí mo jẹ, kì í ṣe pé mo ṣẹ ẹnikẹ́ni, ó kàn ṣẹlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Ohun tí ẹnìkan bá ṣe síni, èèyàn lè lọ bẹ̀ ẹ́, èèyàn sì lè bá a jà. Èyí tí kò lẹ́ni yìí, ta ni mo fẹ́ kọjú sí?

Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń ka ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní irọ́ ni. Ìwọ náà mọ̀ pé adìẹ tí mò ń sìn nínú ilé, n kò lè kà á tán kí ó má pòrúurùu mọ́ mi lójú, ta ló wá fẹ́ ka ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré kiri? Mo ní bóyá ìdí tí wọ́n fi ń bù ú sínú ìgò nìyẹn, kí ó lè dúró kí wọ́n kà á. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ náà ni, Màmá. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn fa mùdùnmúdùn nínú egungun ìbàdí mi, ó ro mí dé eyín. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n dá a padà, nítorí mo rò pé wọ́n mú un láti wò ni, n kò mọ̀ pé wọ́n ti gbà á pátápátá. Mo jókòó títí wọ́n fi ń gbálẹ̀ yí mi ká. Kò sí ẹni tí mo lè bi. Gbogbo àwọn tó kù níbẹ̀ ló ní ẹni tó bá wọn wá.

Oògùn tí wọ́n fún mi kò pọ̀, hóró ni, ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú omi ife ńlá. Ọlọ́run ṣe é, wọn kò gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi, àyẹ̀wò nìkan ni mò ń san. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ fò ó lọ́jọ́ kan, pé èmi àti oògùn náà la jọ máa wà títí n ó fi kú. Ó máa ń wú mi lójú, iṣan ẹsẹ̀ á máa fà mí, ẹran kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ó tún ní bí oògùn náà ṣe ń lé àwọn ọlọ́dẹ burúkú lọ ló ń lé àwọn gidi mọ́ wọn, nítorí náà fún ìgbà díẹ̀, ilé mi kò ní ọlọ́dẹ rárá, ikọ́ ẹlòmíràn lásán lè wọlé pa mí. Kí n má lọ sáàárín èrò, kí n má din dòdò létí títì, kí n máa bo imú àti ẹnu mi.

Wọ́n fún mi ní ìbòmú, ó kéré bí ọ̀já orí ọmọdé. Mo wò ó, mo ní bí ó bá dára kí a bo imú àti ẹnu, kí a bo gbogbo ojú á dára jù. Ni mo bá rántí aṣọ dúdú tí ẹ̀gbọ́n mi Alhaja mú bọ̀ láti Mẹ́kà kí ó tó kú, èyí tó bo èèyàn láti orí dé ilẹ̀ tó jẹ́ pé ẹyinjú nìkan ló ń yọ. Mo wọ̀ ọ́. Mo ní jẹ́ kí ikọ́ wá ọ̀nà wọlé kí a rí i. Àlùfáà Gàrúbà, tó ń wa takisí lọ sí Ifẹ̀, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú nírọ̀lẹ́, òun ló ń gbé mi lọ sí ọsibítù, òun nìkan ni mo sọ fún. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. O mọ àwọn èèyàn wa, tí wọ́n bá ti gbọ́ jẹjẹrẹ, wọ́n á máa fojú wá ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ilẹ̀ sí.

Ohun tó wá ya mí lẹ́nu ni pé gbogbo ìlú ń pa òfin dókítà mọ́. Kò sí ọkùnrin tó wọlé mi mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ kí mi, wọ́n á wúkọ́ lójúde, wọ́n á kọjú sí ògiri, wọ́n á kí mi láti ibẹ̀. Àwọn obìnrin kò tilẹ̀ kí mi rárá, wọ́n á rí mi lókèèrè, wọ́n á yà. Mo ní háà, Ìkirè ti lajú, gbogbo wọn ti gbọ́ nípa ọlọ́dẹ inú ẹ̀jẹ̀, wọn kò fẹ́ kó ikọ́ wá bá mi. Mò ń súre fún wọn nínú ilé. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀, ó wá ń ṣe mí bákan. Mo máa se ọbẹ̀, mo máa gbọ́ ohùn ara mi bí mo ṣe ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fèrèsé tó kọjú sí ọjà kí n lè máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, kì í ṣe pé mo fẹ́ ra nǹkan.

Nígbà náà lo pè. Inú mi dùn débi pé mo ta ìgò omi dànù. O ní Àbídì ti sọ ohun gbogbo fún ọ, pé ẹ kú ìnáwó. Mo ní àṣé o ti gbọ́. O ní kí ló dé tí o kò fi gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ní n kò fẹ́ dà ọ́ láàmú, pé èmi náà kò rò ó rí pé irú rẹ̀ lè bá mi lọ́jọ́ ogbó yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ọlọ́run ni, mo ti gbà á, àti pé wọ́n ní títí n ó fi kú ni. O ní ó dáa. O pa fóònù. Mo rò pé ẹkún ló gbà ọ́ lọ́nà ọ̀fun, mo ní ọmọ mi mà fẹ́ràn mi o, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Sàlámọ̀tù ìyàwó Àlùfáà Gàrúbà ló là mí lójú. Ó ya wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti so gèlè mọ́ ìdí, ó ní kí n jáde wá, ìyàwó ìkọ̀kọ̀, pé bí òun bá ṣẹ̀ mí, ṣé ọkọ òun ló yẹ kí n fi gbẹ̀san? Ó ní gbogbo ìlú ló ń rí i tí ẹlẹ́hàá kan ń bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, pé àwọn onídòdò ní ẹnu ara mi ni mo fi jẹ́wọ́ oyún, pé ìdí tí àwọn obìnrin fi ń yà fún mi ni pé inú bí wọn, mo so yìgì n kò pe ẹnikẹ́ni wá jẹun. Muideen, mo jókòó, mò ń wo ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bà mí nínú jẹ́, ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọ, inú mi dùn sí ìjà yẹn. Ó ti pẹ́ tí èèyàn ti dúró nínú yàrá mi, tó pe orúkọ mi, tó na ìka sí mi. Tó bá fẹ́ gbá mi létí, n kò ní sá. Mo gbé àga fún un, mo ní kó jókòó kó bú mi dáadáa. Ó jókòó, ó bú mi títí di àsìkò ìrun Àsárì.

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, mo ṣí aṣọ lójú mi. Ó rí bó ṣe wú. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ibi tó le níkùn mi, mo ní kì í ṣe oyún, jẹjẹrẹ ni, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fa àga sẹ́yìn díẹ̀, ó tún fà á díẹ̀ sí i. Mo ti bu omi fún un, kò mu ún. Ó ní Ọlọ́run á fún mi lálàáfíà, ó dìde, láti ọjọ́ náà n kò rí òun mọ́, n kò sì rí ọkọ rẹ̀. Kò kúkú sọ ọ́ nígboro, ìyẹn ni mo lè fi yìn ín, nítorí wọ́n ṣì ń pè mí ní ìyàwó láti ojúde. Èmi náà kò sọ fún wọn pé n kì í ṣe ìyàwó. Bí mo bá ní kì í ṣe ọkọ, wọ́n á ní kí wá ni, mo sì ti rí bí Sàlámọ̀tù ṣe fa àga.

Ọkọ̀ èrò ni mò ń wọ̀ lọ sí Ifẹ̀ báyìí, létí fèrèsé tó ń fẹ́. Àwọn ọkùnrin á fún ẹlẹ́hàá láyè, wọ́n á sún jìnnà, ìjókòó á fẹ̀ fún èmi nìkan. Aṣọ dúdú náà dára fún ẹkún, ẹnìkan kì í rí i. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní ọsibítù náà tẹ́lẹ̀, Kòfowórọlá, ọmọ Ararọ̀mí-Òwu, àìsàn kan náà la jọ ń ṣe, ó kéré sí ọ. Òun ló kọ́ mi pé kí n máa jẹ àkàrà kékeré kan kí n tó lo oògùn kí inú má baà rú mi. A máa ń jókòó pọ̀. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, n kò rí i, mo béèrè, wọ́n ní ó ti kú. Mo gbé àpò mi lé orí àga rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Owó tí ò ń fi ránṣẹ́ sí báǹkì ń dé. Bí o tilẹ̀ ń bínú, o kò dá a dúró, Ọlọ́run á ṣe ọ́ lóore. Fóònù á dún kín, orúkọ rẹ á yọ, mo máa ń dá a lóhùn pé Àjàdí, o ṣeun, báwo ni ilé. N kò tíì gbà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí o kò ti pè mọ́, mò ń bẹ̀rù pé bí mo bá gba owó náà, wọ́n á mú orúkọ rẹ kúrò nínú fóònù. Fáìzàh ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ló ní mo lọ́kọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ẹ̀rí rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tó kù wàyí, ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn náà, Dókítà Táyọ̀ wo ìwé ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní àwọn ọlọ́dẹ burúkú ti dínkù gan-an, àwọn gidi ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ikùn mi náà ti ń lọ sílẹ̀. Ó ní tí n kò bá ti fi oògùn ṣeré, mo lè gbó, mo lè tọ́. Ó ní kí n bọ́ aṣọ ojú náà, kí n lọ jókòó láàárín àwọn èèyàn mi, kí n bá wọn jẹun, kò séwu mọ́.

N kò tíì bọ́ ọ, Muideen. Mo ṣì wọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Títí di ìsinsìnyí, tí ilé bá dákẹ́, mo máa ń sọ fún ara mi pé aṣọ yìí ló fà á, pé wọ́n rò pé mo lọ́kọ ni. Bí mo bá bọ́ ọ, tí mo jókòó síta pẹ̀lú ojú mi, tí ẹnikẹ́ni kò sì wá, kí ni n ó wí nígbà náà?

Nítorí náà, wá. Mò ń béèrè owó o, má rò pé n kò béèrè, àyẹ̀wò ń bọ̀, iyọ̀ sì ti tán, ṣùgbọ́n fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá, èyí tó ń gba báǹkì kì í jókòó. Moses tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Àpòmù lọ sí Ìkòròdú ni mo fi ìwé yìí rán, fún un lómi mu, má sì jẹ́ kó padà lọ́wọ́ òfo, ní kó bá mi sọ ọjọ́ tí o máa dé. Bí o bá dé lọ́sàn-án, gba iwájú ọjà, má gba ẹ̀yìn, kí wọ́n rí i pé ọmọ mi ló ń bọ̀.

Ọlọ́run á gbé ẹsẹ̀ rẹ dé ibi tó dára, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní gbọ̀n rìrì lójú títì, Títílọlá á rí ọ padà lálàáfíà, Amatullah á gbó á tọ́ lójú rẹ, ìwọ náà kò ní ṣàìsàn tí o kò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Àmín, àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ẹfúnkẹ́, ìyàwó Àmúsà títí di òní.